Wọ́n ní kòkòrò inú àpò yóò dín gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wa kù sí ìdajì. Ṣé ká rà á?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń bójú tó ibi ìtọ́jú omi ìdọ̀tí kan tó ń gba nǹkan bí 10,000 kúbíìkì mítà lójúmọ́. Owó tí a fi ń kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ (ẹrẹ̀ tó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá tọ́jú omi) jáde ti fẹ́ jẹ owó oṣù òṣìṣẹ́ mọ́ ọn. Oníṣòwò kan wá bá ọ̀gá wa, ó ní òun ní ìyẹ̀fun bakitéríà, pé bí a bá ń da kílò 10 sínú táǹkì afẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò dín kù sí ìdajì láàárín 90 ọjọ́. Ọ̀gá ti fẹ́ fọwọ́ síwèé, èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Táǹkì afẹ́fẹ́ wa gba 5,000 kúbíìkì mítà. MLSS wa (ìwọ̀n ohun líle inú omi táǹkì náà) kì í jìnnà sí 3,000 miligíráàmù nínú lítà kan, BOD tó ń wọlé (òdiwọ̀n ìdọ̀tí tí kòkòrò lè jẹ, tí a fi ọ́síjìn wọ̀n) sì tó 250. Ṣé iṣẹ́ ló ń ṣe ni, àbí jìbìtì?

* * *

Àbúrò, o ṣe é dáadáa tó o dá wọn dúró. Ìṣirò kékeré kan la ó kọ́kọ́ ṣe. MLSS 3,000 túmọ̀ sí kílò 3 ohun líle nínú kúbíìkì mítà kan. Táǹkì rẹ gba 5,000. Kílò 15,000 nìyẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ kòkòrò, ààyè àti òkú wọn. Ẹni tó ní tọ́ọ̀nù 15 kòkòrò nílé ni wọ́n fẹ́ ta kílò 10 fún.

Oníṣòwò yóò ní kòkòrò tòun ń bí sí i. Àwọn tonílé náà ń bí sí i. Omi tó ń wọlé ń gbé oríṣiríṣi kòkòrò wá lójoojúmọ́ láìgbowó, èyí tó bá sì mọ oúnjẹ inú táǹkì yẹn jẹ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ló ń gbilẹ̀. Wọ́n ti ja ìjà yẹn parí kí àlejò inú àpò tó dé. Bí àlejò bá sì dé, àwọn protozoa tó ń jẹ bakitéríà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń retí rẹ̀. Èyí tí wọn kò bá jẹ yóò bá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ jáde nígbà tẹ́ ẹ bá ń yọ ọ́. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé ẹ ó máa rà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ohun tó tún yẹ kó yé ọ̀gá rẹ ni pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà gan-an ni kòkòrò. Kòkòrò tó bá jẹun dáadáa, sísanra ló máa sanra. Ẹni tó ní kòkòrò òun lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó sì tún ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò dín kù, ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ibi tí oúnjẹ náà ń gbà lọ.

* * *

Mo ti ń rí èsì àwọn tó kù. Apá kan ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Apá kejì ní àwọn lò ó, ọkọ̀ tó ń kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì dín kù lóòótọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ kọ ọ́ báyìí: "Ojú mi ló ṣe, kì í ṣe ìtàn. Ọkọ̀ márùn-ún lọ́sẹ̀ di mẹ́ta."

Mi ò ní pe ẹni yẹn lónírọ́, torí ojú tèmi náà ti rí irú rẹ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan, a dán irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ wò fún oṣù méjì. Ọkọ̀ dín kù, inú ọ̀gá dùn, wọ́n tilẹ̀ ya fọ́tò. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìròyìn ìparí, ni mo bá jókòó ti ìwé láàbù. Táǹkì wa gba 4,000 kúbíìkì mítà. MLSS wa jẹ́ 2,800 lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a parí, ó ti di 4,100. Kílò 1.3 ló ti lé sórí kúbíìkì mítà kọ̀ọ̀kan: kílò 5,200 ohun gbígbẹ. Ká ní a ti fún omi rẹ̀ jáde títí gbígbẹ fi di ìdá 20 nínú 100 rẹ̀, tọ́ọ̀nù 26 ni à bá kó sórí ọkọ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí a ní ó ti tán, inú táǹkì ló jókòó sí! Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ti gbọ́ pé kòkòrò ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ti dẹwọ́ lórí yíyọ rẹ̀. Èyí tó kù ń gba etí táǹkì ìtòrò (ibi tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti ń rì sísàlẹ̀ kí omi tó jáde) bá omi mímọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, torí ohun líle inú omi tó ń jáde ti kúrò ní 12, ó ti di 31 miligíráàmù. Òjò ńlá kan rọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Omi tó ya wọlé gbé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà sókè, ó sì dà á sínú odò. Ìwé ìtanràn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ju owó ọkọ̀ tí a ní a rí fi pamọ́ lọ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ òun dín kù, ohun mẹ́ta ni mo máa ń bi í: kí ni MLSS rẹ lọ́jọ́ tó o bẹ̀rẹ̀ àti lọ́jọ́ tó o parí? Kí ni ohun líle inú omi tó ń jáde? Ọkọ̀ lo kà ni, àbí kílò gbígbẹ? Ẹni tó bá ka ọkọ̀ nìkan, kò tíì wọn nǹkan kan.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń sọ pé kòkòrò ò lè dín gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kù rárá ni?"

Ó lè dín in kù. Kì í kàn ṣe èyí tí wọ́n ń tà nínú àpò. Àwọn tonílé náà ni, bí a bá mọ bí a ṣe ń fi ebi pa wọ́n.

Láti ọdún 1914 tí àwọn onímọ̀ méjì, Ardern àti Lockett, ti gbé ọ̀nà fífẹ́ afẹ́fẹ́ sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí jáde ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni agbára pàtàkì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wa: dídá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ padà sínú táǹkì kó má baà yára lọ. Iye ọjọ́ tí kòkòrò fi ń gbé inú táǹkì kí a tó yọ ọ́ là ń pè ní ọjọ́ orí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Bí ó bá kéré, kòkòrò á jẹun, á sanra, a ó sì yọ ọ́ ní sísanra. Bí ó bá pọ̀, oúnjẹ á wọ́n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ara wọn àti òkú ara wọn. Èyí tí wọ́n bá jẹ báyẹn á di kábọ́ńdáọ́síáìdì, á bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Gbà pé kílò BOD kan ń di kílò 0.6 kòkòrò tuntun, pé ìdá 6 nínú 100 wọn sì ń jẹrà lójúmọ́. Bí ọjọ́ orí bá jẹ́ 5, ohun tó kù lọ́wọ́ wa jẹ́ kílò 0.46 lórí kílò BOD kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 10, ó di 0.38. Ní ọjọ́ 20, 0.27. Àbúrò, kílò BOD 2,500 ló ń wọlé sí ọ lójúmọ́. Tó o bá kúrò ní ọjọ́ 10 lọ sí 20, nǹkan bí kílò 255 gbígbẹ ni kò ní jáde mọ́ lójúmọ́. Tí ẹ bá ń fún un dé ìdá 20, tọ́ọ̀nù 1.3 nìyẹn tí ọkọ̀ ò ní gbé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Kílò kòkòrò kan tó bá jẹrà ń gba ọ́síjìn kílò 1.42. Kílò 255 yẹn yóò gba nǹkan bí kílò 360 ọ́síjìn. Bí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ bá ń fi yúnìtì iná kan gbé kílò 1.5 wọnú omi, yúnìtì 240 lé lójúmọ́ ni. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sì ni ó máa ń jẹ ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú iná ibi iṣẹ́ bíi tìrẹ. Ìyẹn ni gbogbo àríyànjiyàn tí à ń ṣe yìí: kí ló wọ́n jù lọ́dọ̀ rẹ, yúnìtì 240 iná ni, àbí kíkó tọ́ọ̀nù 1.3 gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀? Níbi tí ilẹ̀ tí wọ́n ń dà á sí wà nítòsí, tí iná sì wọ́n, mo mọ àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ dín ọjọ́ orí kù. Níbi tí wọ́n ti ń gbé e rìnrìn àjò kí wọ́n tó sun ún, òdì kejì ni wọ́n ṣe, àwọn méjèèjì ló sì jàre.

Àwọn tó ń sọ pé bí ọjọ́ orí bá gùn tó, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á di òdo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Iyanrìn kì í jẹrà. Èèpo kòkòrò tí ẹlòmíràn ò lè jẹ náà wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ò lè sọ ọ́ di afẹ́fẹ́.

* * *

Ẹnì kan mú ọ̀rọ̀ àwọn aràn wá, pé kí a máa sin wọ́n sórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀: bakitéríà jẹ ìdọ̀tí, protozoa jẹ bakitéríà, aràn jẹ méjèèjì, ní ìpele kọ̀ọ̀kan sì rèé, èyí tó pọ̀ nínú oúnjẹ ń di èémí, díẹ̀ ló ń di ẹran ara. Wọ́n ti lo aràn kan tí wọ́n ń pè ní Lumbriculus fún un nínú láàbù, ó sì jẹ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lóòótọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé aràn ò gbọ́ràn. Lọ́sẹ̀ yìí wọ́n kún táǹkì, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ amóníà ga díẹ̀, gbogbo wọn ti kú. Mi ò lè gbé ìṣúnná owó ọdún kan lé orí aràn.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀, àfi kí n fi sí i. Kábọ́ńnì lè bá afẹ́fẹ́ lọ, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò lè lọ. Bí ó bá jẹ́ inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lò ń gbà yọ ọ́, tó o wá dín gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kù, inú omi tó ń jáde ni yóò padà sí. Ẹni tí òfin ti fún ní òdiwọ̀n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, kó ronú kàn án kó tó yọ̀.

* * *

Èyí tó lówó nínú jù lọ, kí n tó gbàgbé: kòkòrò tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́.

Èyí tó ń fi ọ́síjìn jẹun ń sanra kíákíá, nítorí agbára tó ń rí nínú oúnjẹ pọ̀. Èyí tí kò lo ọ́síjìn kì í rí bẹ́ẹ̀. Kílò kan ìdọ̀tí lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í di ju kílò 0.05 sí 0.1 lọ. Èyí tó kù ń di gáàsì mẹ́tẹ́ènì tó ń jó. Kílò COD kan (òun náà jẹ́ òdiwọ̀n ìdọ̀tí bíi BOD) tó bá jẹrà lọ́nà yìí ń mú 0.35 kúbíìkì mítà mẹ́tẹ́ènì wá. Ìyàtọ̀ rẹ̀ nìyẹn: ní táǹkì afẹ́fẹ́, ìwọ ló ń sanwó kí kábọ́ńnì tó lọ. Níbí, ó ń sanwó fún ọ kó tó lọ.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí a da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sínú táǹkì tí a dé pa, kó wà ní nǹkan bí 35°C fún ọjọ́ 15 sí 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìdá 40 sí 60 nínú 100 apá rẹ̀ tó lè jẹrà yóò lọ. Ọ̀nà kejì ni kí a má tilẹ̀ jẹ́ kí omi ìdọ̀tí kan afẹ́fẹ́ lákọ̀ọ́kọ́ rárá. Onímọ̀ kan, Lettinga, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wageningen nílẹ̀ Netherlands ṣe táǹkì irú èyí, tí wọ́n ń pè ní UASB, jáde ní àwọn ọdún 1970. Omi ń gba ìsàlẹ̀ gòkè láàárín kòkòrò tó ti dì bí hóró. Ní Brazil àti Íńdíà, níbi tí omi ti gbóná, ọ̀pọ̀ ìlú ló ń lò ó. Kì í fọ omi mọ́ tán, ó ṣì nílò nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ta wá ni kò yẹ kó ṣe é? Ibi kékeré tí kò sí ẹni tó mọ gáàsì níbẹ̀. Gáàsì yẹn ń bú gbàmù. Háídírójìn sọ́fáìdì inú rẹ̀ sì ń pa ènìyàn kí ó tó mọ̀ pé òun mí i sínú. Mi ò fi ìyẹn ṣeré.

Omi tí a bá fún jáde lára gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ti jẹrà kún fún amóníà. Bí ẹ bá dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, gíráàmù amóníà kọ̀ọ̀kan, tí a bá fi náítírójìn wọ̀n ọ́n, yóò tún gba ọ́síjìn gíráàmù 4.57, èrè gáàsì á sì bá ibẹ̀ lọ. Ní ibi ìtọ́jú omi ìdọ̀tí Dokhaven ní Rotterdam, láti ọdún 2002, wọ́n ti ń lo kòkòrò anammox, èyí tó ń sọ amóníà di gáàsì náítírójìn, fún irú omi yẹn. Kò nílò kí gbogbo amóníà kọ́kọ́ di náítréètì, ó sì ń gé ọ̀pọ̀ ọ́síjìn kúrò. Àmọ́ ó lọ́ra láti bí. Nǹkan bí ọjọ́ 11 ló fi ń di ìlọ́po méjì, ẹni tó bá sì da tirẹ̀ nù nípa àìbìkítà yóò dúró pẹ́.

* * *

"Ẹ ò fẹ́ràn àwọn oníṣòwò ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Bóyá. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ibì kan wà tí kíkó kòkòrò wá láti ìta ti wúlò: táǹkì tuntun tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, àti ibi tí májèlé ilé-iṣẹ́ kan ti pa gbogbo kòkòrò tó ń jẹ amóníà. Kódà níbẹ̀, tírélà kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ààyè láti ibi iṣẹ́ tí ara rẹ̀ le ju àpò ìyẹ̀fun lọ fíìfíì. Ó ti mọ omi, kò sùn nínú àpò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọkọ̀ nìkan ni wàá sanwó rẹ̀.

* * *

Olùbéèrè padà wá

Ẹ ṣé gan-an, Ẹ̀gbọ́n. Mo lọ wo ìwé wa. Ọ́síjìn inú táǹkì máa ń wà ní 4 miligíráàmù. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí a fi sínú sìlíńdà fún ààbọ̀ wákàtí dúró sí 630 nínú 1,000. A kì í yọ ọ́ lójoojúmọ́, ìgbà tí a bá rí i pé ó ti pọ̀ la máa ń yọ ọ́. Èyí tí ẹ̀rọ ń fún jáde, ìdá 16 ni gbígbẹ inú rẹ̀. Oníṣòwò náà máa padà wá lọ́jọ́ Ajé.

* * *

Ó dáa, ọ̀rọ̀ ti bọ́ síbi tó yẹ. Ìdá 16 yẹn ló dùn mí jù. Ibi tí owó yín ń gbà jò nìyẹn, kò sì kan kòkòrò kankan. Tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ ní ìdá 16 jẹ́ tọ́ọ̀nù 6.25 lórí ọkọ̀. Ní ìdá 22, ó jẹ́ 4.5. Ọkọ̀ ti fẹ́ẹ̀ fi ìdá 27 nínú 100 dín kù láìjẹ́ pé kòkòrò kan ṣoṣo kú. Omi lẹ̀ ń sanwó kó!

Lọ wo bí wọ́n ṣe ń po pólímà, kẹ́míkà tó ń mú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dì kí omi lè fún jáde. Níbì kan tí mo lọ, ọmọkùnrin tó ń po ó ń da ìyẹ̀fun sínú omi, ó sì ń fà á lò lójú ẹsẹ̀. Hóró kéékèèké tí kò tíì wú ń léfòó nínú rẹ̀ bí ẹyin ẹja. A ní kó jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú 45. Kò sí ohun tí a rà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ń jáde ti le débi pé ọmọkùnrin náà rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Ọ́síjìn 4 jẹ́ ìnáwó. Omi tó wà ní nǹkan bí 26°C kì í gbà ju 8 lọ. Bí o bá dúró sí 2, àyè 6 ló kù fún afẹ́fẹ́ láti wọlé. Bí o bá dúró sí 4, àyè 4 ló kù. Afẹ́fẹ́ tí ẹ ń fẹ́ síbẹ̀ fi nǹkan bí ìdajì pọ̀ ju èyí tó yẹ lọ. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 2 díẹ̀díẹ̀, kó o sì máa wo amóníà lójoojúmọ́ bó o ṣe ń sọ̀ ọ́.

630 lórí MLSS 3,000 jẹ́ SVI 210, ìyẹn òdiwọ̀n bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣe ń rì sí. Kò tòrò dáadáa. Fi maikirosíkóòpù wò ó. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kòkòrò bí òwú ti kún ibẹ̀. Yíyọ tí ẹ ń yọ ọ́ ségesège kò sì ràn yín lọ́wọ́: lónìí ọjọ́ orí gùn, lọ́la ẹ gé e. Ẹ máa yọ ọ́ lójoojúmọ́, ní ìwọ̀n kan náà, kódà lọ́jọ́ ìsinmi. Má tíì fa ọjọ́ orí gùn dé 20 báyìí o. MLSS yóò lè dé 4,000, pẹ̀lú SVI tó o ní yìí, táǹkì ìtòrò rẹ ò ní gbé e. Mo ti sọ ohun tí òjò ṣe fún wa.

Ní ti oníṣòwò, bí táǹkì rẹ bá pín sí méjì, jẹ́ kó da tirẹ̀ sí ẹyọ kan, kí èkejì wà bó ṣe wà. Ẹ yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ méjèèjì bákan náà fún oṣù mẹ́ta. Ẹ wọn kílò gbígbẹ, kí ẹ fi àyípadà inú táǹkì àti èyí tó bá omi lọ kún un. Kó kọ ọ́ sínú ìwé pé iye kílò gbígbẹ tó bá dín kù ni òun yóò gbowó lé lórí.

* * *

Olùbéèrè

Ó ní òun máa lọ bi àwọn ọ̀gá òun. Láti ọjọ́ Ajé, kò gbé fóònù mọ́. A ti ń jẹ́ kí pólímà jókòó fún ìṣẹ́jú 45, ìdá 19 la wọ̀n láàárọ̀ yìí.

* * *

19 dára, ọ̀nà ṣì jìn. Wọ̀n ọ́n fún ọjọ́ méje kó o tó sọ fún ọ̀gá, torí ẹyọ ọjọ́ kan lè tanni. Fi èsì maikirosíkóòpù ránṣẹ́ tó bá ti jáde.